Fóònù Mi àti Kòkó Bàbá Mi

Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má rà á lọ́wọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n oṣù kìíní ọdún 2024 ni mo tó mọ̀ pé èmi gan-an ni àwọn àgbà ń fi í bá wí. Oṣù náà ni mo ra fóònù tuntun. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ti fi ọdún méjì lo fóònù tí ojú rẹ̀ fọ́ bí òwú aláǹtakùn, tó jẹ́ pé rọ́bà ni ó fi ń di ẹ̀yìn rẹ̀ kí bátìrì má baà jábọ́ sínú ọbẹ̀, òun ló lè mọ irú ayọ̀ tó wọ̀ mí lára.

Bàbá mi ni wọ́n fún mi lówó rẹ̀. Àgbẹ̀ oníkòkó ni wọ́n, ní abúlé kan lápá Ìfẹ̀tẹ̀dó. Lẹ́yìn Kérésì ni wọ́n ta àpò mẹ́rin nínú kòkó ọdún náà, wọ́n sì ní kí n lọ ra ohun tí n ó máa fi kàwé. Ìgbà ọ̀wọ́n ni. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni náírà ti já wálẹ̀, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá sì ti fò sókè bí ẹyẹ. Irú fóònù tí ẹnìkan nínú yàrá wa rà ní ₦75,000 lọ́dún 2022, ₦160,000 ni wọ́n pè é fún mi ní Queen Cinema, n'Íbàdàn. Mo ná an títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ní ₦152,000 ni ẹnu wa kò.

Ká sọ tòótọ́, ìwé tí mo fi kà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tó nǹkan. Mo ra awọ fún un, mo ra gíláàsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn lójú, mo wá ń gbé e bí ìyá àbíyè. Bí mo bá wọ ọkọ̀, àyà ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí mo bá sùn, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń wà, n ó sì jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru láti wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ará yàrá mi tí wọn kì í kí mi tẹ́lẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi tayọ̀tayọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí dátà yín fún wa díẹ̀." Ẹlẹgbẹ́ mi ni gbogbo wọn, ìgbà tí mo ra fóònù ni mo di ẹ̀gbọ́n. Iná mọ̀nàmọ́ná ilé wa a máa dé ní aago méjì òru, bó bá sì ti dé báyìí, gbogbo wa á fò dìde bí ẹni tí wọ́n fọn fèrè ogun sí létí, oníkálùkù á máa wá ibi tí yóò ki ṣájà rẹ̀ bọ̀. Ẹni tí kò bá tètè jí, tirẹ̀ ti pin di ọ̀la.

Mo fi ìlù dùndún ṣe ohùn tí yóò máa dún bí wọ́n bá pè mí. Mo rò pé ọmọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ni mo jẹ́, ìlù ló yẹ mí. Àfi ìgbà tó dún láàárín kíláàsì, tí olùkọ́ wa ń kọ́ wa nípa sílébù. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tẹ́tí sí ìlù náà títí ó fi dákẹ́. Wọ́n ní, "Ẹni tí ìlù ń pè, kó jó jáde." Mo sì jáde, n kò jó.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú fóònù tí bàbá mi ní, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni, èyí tí bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́rin, tó bá sì bọ́ lulẹ̀, ilẹ̀ ni yóò dùn. Nẹ́tíwọ̀kì kì í dé inú ilé wa lóko. Ibi kan ṣoṣo tó ń dé ni ìdí igi obì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Bí bàbá mi bá ń lọ sóko láàárọ̀, wọ́n á fi fóònù náà sínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e kọ́ ẹ̀ka igi náà. Bí wọ́n bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n á mú un, wọ́n á wo ohun tó ti wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá pè wọ́n lọ́sàn-án, igi obì ló pè. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló dájú. Bàbá mi sì mọ̀ ọ́n kà dáadáa, nítorí pé wọ́n ka ìwé mẹ́fà lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955, wọ́n sì ń ka Bíbélì Yorùbá láràárọ̀ títí dòní.

Nínú fóònù tuntun mi, mo rí bọ́tìnnì Yorùbá. Gboard ni orúkọ rẹ̀, àwọn Google ló ṣe é. Bí ènìyàn bá tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀ díẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní àmì lórí àti nídìí yóò yọ jáde kí ó mú èyí tó bá wù ú. Inú mi dùn. Mo jókòó, mo kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sí bàbá mi, mo fi àmì sí i láti òkè délẹ̀, kò sí ẹyọ kan tí mo fò. Mo fi ránṣẹ́. ₦12 ni wọ́n yọ lára owó mi dípò ₦4. Nígbà tó di alẹ́, bàbá mi pè mí láti ìdí igi obì.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n kí lo kó ránṣẹ́ sí mi yìí? Búlọ́ọ̀kù ni mo ń rí. Ṣé o fẹ́ kọ́lé ni?"

Fóònù wọn kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Gbogbo ibi tó bá ti bá wọn pàdé ló ń fi àpótí kékeré dí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ló là á yé mi. Ó ní àwọn ará Yúróòpù tó gbé ètò GSM kalẹ̀ to àwọn lẹ́tà tí wọ́n rò pé ayé nílò sí ojú kan, lẹ́tà 160 ló sì lè wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ kan bí ènìyàn kò bá kúrò nínú èyí tí wọ́n tò. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ bá ti wọlé, gbogbo iṣẹ́ náà yóò bọ́ sí ọ̀nà mìíràn, 70 péré ni yóò sì gbà. Èyí tó lé ní 70, wọ́n á gba owó ojú-ìwé mìíràn. Ẹ́ tiwa yìí pàápàá, méjì ni wọ́n ń kà á sí, ẹ lọ́tọ̀, àmì orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé à, è, ì, ò àti ù wà lára ohun tí wọ́n tò, nítorí pé àwọn ará Ítálì ń lò wọ́n, é náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí. Wọ́n gba ohùn ìsàlẹ̀ wa wọlé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ohùn òkè.

Mo ronú sí i. Láti ọdún 1875 tí àwọn oníwàásù ti ṣèpàdé l'Ékòó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, títí dé àkọtọ́ 1974 tí a ń lò yìí, ẹ wo iye àwọn àgbà tó fi orí ṣiṣẹ́ kí ọ lè yàtọ̀ sí o. Wàyí o, èmi ọmọ wọn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá kí bàbá mi, búlọ́ọ̀kù ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ni kí n ṣe? Mo bọ́ gbogbo àmì sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù ni mo ṣe ń kọ ọ́ sí bàbá mi. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń kọ ọ́: lẹ́tà ìhòòhò, ìkékúrú, a kan níbi tó yẹ kí méjì wà. Lóòótọ́, ní ọdún kejì mi níhìn-ín, àìfi àmì sí ọ̀rọ̀ ti gba máàkì mẹ́jọ lọ́wọ́ mi nínú ìdánwò kan, inú sì bí mi sí olùkọ́ náà fún odidi sáà kan. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kíláàsì ni. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: a ó kọ ọ́ nínú ìdánwò, a ó jáde, ó parí.

Oṣù kejì ọdún náà dé. Fóònù mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí kòkó. Òjò àti àrùn ti ba irè jẹ́ ní Ivory Coast àti Gánà, kòkó kò sì tó lọ́jà àgbáyé. Nígbà tí ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀, tọ́ọ̀nù kan kò tíì tó $5,000. Láàárín oṣù kejì, ó ti kọjá $5,500, gbogbo ẹni tí mo ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì ń sọ pé kò tíì dúró. Ní Gánà àti ní Ivory Coast, ìjọba ló ń bu iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Ní tiwa, láti ọdún 1986 tí ìjọba ti tú àwọn àjọ tí ń ra irè oko ká, ẹni tó bá gbé òṣùwọ̀n wọ abúlé wá ni àgbẹ̀ ń bá ná an. Bàbá mi ṣì ní àpò márùn-ún nílé, wọ́n ti sá a gbẹ, wọ́n ti dì í. Owó rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi rán àbúrò mi obìnrin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ti ṣe ìdánwò, ó ti yege, owó ìwọlé ló kù.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni. Mo wà nínú ọkọ̀, mo ń ka ìròyìn kòkó lórí fóònù, àyà mi ń já pé kí àwọn tó ń ra kòkó má lọ bá bàbá mi kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé etí wọn. Mo pè wọ́n, igi obì ni mo pè. Mo yára tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ yìí, ẹ wò ó bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an:

"Baba, e ma ta koko to ku o. Owo re n lo soke."

Bàbá mi dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì: "Mo ti gbo. O seun." Ọkàn mi balẹ̀. Mo ń ṣọ́ iye owó kòkó lójoojúmọ́ bí ẹni ń ṣọ́ ọbẹ̀ lórí iná. Bó bá ti gbéra, n ó ṣírò rẹ̀ fún àpò márùn-ún, n ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta, ó kọjá $10,000. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ẹtì Rere, mo sì gbọ̀nà ilé lọ ṣọdún Àjíǹde. N kò tíì fi ayọ̀ wọlé bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo kí wọn, mo kí ìyá mi, mo lọ tààrà sí yàrá tí a ń kó kòkó sí. Òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àpò kankan kò sí.

Mo ní, "Bàbá, níbo lẹ kó kòkó lọ?"

Wọ́n wò mí. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní kí n máa tà á?"

"Èmi? Mo ní kí ẹ má tà á ni o!"

Bàbá mi kò jiyàn. Wọ́n fa fóònù yọ lápò, wọ́n wá àtẹ̀jíṣẹ́ náà, wọn kò pa á rẹ́. Wọ́n kà á sókè, jẹ́ẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń ka Sáàmù: "Bàbá, ẹ máa ta kòkó tó kù o. Owó rẹ̀ ń lọ sókè." Wọ́n wá ní, "Bí owó ọjà bá ń lọ sókè, kí ni ọlọ́jà ń ṣe? Ṣé kì í tà á ni?" Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn, mo ka tèmi: "Bàbá, ẹ má ta kòkó tó kù o. Owó rẹ̀ ń lọ sókè." Mo tún un kà. Mo ní ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí mo kọ, m ati a, "má" ni.

Bàbá mi tún gbà á. Wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ sókè, wọ́n ń wá nǹkan. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo kọ sí wọn nígbà tí mo ń lọ ṣe ìdánwò ìparí sáà ni wọ́n fà yọ. Wọ́n nà án sí mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Mo ma de lojo Eti. E ma gbadura fun mi."

Wọ́n ní, "Ṣé 'ẹ má gbàdúrà fún mi' lo kọ síhìn-ín náà?"

N kò rí èsì fọ̀. Àbúrò mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ọ̀rọ̀ náà kàn ju gbogbo wa lọ, ló dá sí i. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ kà á dáadáa." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ó bá fi ìbínú sọ ọ́ ni, ara ì bá tù mí.

Èmi ni mo kọ́ bàbá mi pé "ma" ni "máa". Oṣù méjì ni mo fi kọ́ wọn, lójoojúmọ́, láìmọ̀. Ọjọ́ tí mo wá kọ "ma" sí ibi tí àkọtọ́ ní kí n kọ ọ́ sí gan-an, wọ́n kà á bí mo ṣe kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n tilẹ̀ sọ ọ́, kí n má purọ́ mọ́ GSM àti àwọn ará Yúróòpù: kì í ṣe pé àmì kò sí ló fà á pátápátá. A kan ṣoṣo ni mo ṣahun rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, a tí fóònù onítọ́ọ̀ṣì mọ̀, tí kò sì ní gbówó kún un.

Ní òru ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Mo ń rántí dùndún tó lé mi jáde ní kíláàsì. Dùndún ní ohùn, kò ní lẹ́tà. Fóònù bàbá mi ní lẹ́tà, kò ní ohùn. Ṣùgbọ́n onílù mọ àléébù ìlù rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ènìyàn. Yóò to oríkì rẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ títí ẹni tí ó ń pè yóò fi mọ̀ pé òun kọ́ ni ẹlòmíràn. Bí mo bá ti kọ "e ma se ta" ńkọ́? Bí mo bá ní "e duro na, e ko gbodo ta"? Lẹ́tà 160 ni wọ́n fún mi, n kò lò tó 50. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi kò tilẹ̀ ní ohùn nínú.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ẹni tó ra kòkó náà ní ìlú, kì í ṣe láti bá a jà, mo kàn fẹ́ mọ iye tí ó ń rà á báyìí ni. Nígbà tó sọ ọ́, mo ṣírò rẹ̀ lórí fóònù mi: owó àpò mẹ́ta ọjọ́ náà ni owó àpò márùn-ún tí bàbá mi tà. Àpò méjì ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Owó tó wà nílé kò gbé owó ìwọlé àbúrò mi, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ náà ti fi kún un, ìyá mi sì ti yọ nínú rẹ̀ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tó dùn mí jù ni pé orí fóònù tí wọ́n fi kòkó rà fún mi ni mo ti ṣírò kòkó tó sọnù. Mo ní kí n tà á. Bàbá mi kò gbà. Wọ́n ní, "Bí o bá tà á, kí lo máa fi kàwé?" N kò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Àbúrò mi fi ọdún kan dúró sílé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní A, B, D nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí abúlé wa, ó ń tu owó tí wọ́n ń san fún un jọ díẹ̀díẹ̀. N kò gbọ́ kó bú mi rí. Ìgbà tí mo bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sílé, òun ni bàbá mi máa ń pè kí ó wá bá wọn kà á, àwọn méjèèjì á kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á fi wé ara wọn kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀. Ìyá mi ló ròyìn èyí fún mi, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Èmi pẹ̀lú ti ń kọ gbogbo rẹ̀ gùn: máa ni máa, má ṣe ni má ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá kan owó tàbí ilẹ̀ tàbí kòkó, n kì í kọ ọ́ mọ́. N ó dúró di ìrọ̀lẹ́, kí bàbá mi dé ìdí igi obì, kí a fi ohùn bára wa sọ̀rọ̀.

Ọdún 2025 ni àbúrò mi wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ tó dé yàrá tí wọ́n fún un, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi láti orí fóònù kékeré tirẹ̀. Kò sí àmì kankan níbẹ̀:

"Egbon mi, mo ti wole. E maa gbadura fun mi."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. A méjì ló wà níbẹ̀.